Ipasẹ̀ ọjọ́ karùn-ún mi pòórá lórí West Highland Way, ẹ gbà mí o

Àbẹ̀kẹ́ Onírìn · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ tí mo ti yọjú síbí, ìṣòro ló gbé mi wá.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rin West Highland Way ní Scotland tán, láti Milngavie dé Fort William, kìlómítà 154, ọjọ́ méje gbáko. Láràárọ̀ ni mò ń tan áàpù kan lórí fóònù mi kó máa gba ipasẹ̀ wa sílẹ̀. Tó bá di alẹ́, màá fi ránṣẹ́ sí bàbá mi n'Íbàdàn. Orúnkún ò gbà fún wọn mọ́ láti rìn, ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó ti máàpù yẹn, wọ́n á máa fi ìka tẹ̀ lé wa láti odò dé òkè.

Ọjọ́ karùn-ún ló bàjẹ́. A kúrò ní Tyndrum, à ń lọ sí Kingshouse, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 30. Òjò àti atẹ́gùn ká wa mọ́ orí àbàtà Rannoch Moor. Mo yọ fóònù láti wo aago, bátìrì ṣì wà ní 18%, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí iná lálẹ́, mo ṣí áàpù, ohun tó kọ síbẹ̀ ni "0 km". Odindi ọjọ́ kan! Mo fẹ́ yọ áàpù náà kúrò kí n tún un fi sórí fóònù, bóyá á jí, ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Android ni fóònù mi. N kò ní dárúkọ áàpù náà torí n kò mọ̀ bóyá ẹ̀bi tirẹ̀ ni.

Wáyà-ò-já (Ìlọrin) · 8:31 alẹ́

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run ló fi ọ̀rẹ́ yẹn jíǹkí yín. Ẹ MÁ YỌ Ọ́ O.

Fóònù ni mò ń tún ṣe jẹun. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, fáìlì wọn ò kú nígbà tí fóònù kú. Ìgbà tí wọ́n ń wá a kiri ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa á. Lórí Android, áàpù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ nínú fóldà tó ń jẹ́ Android/data. Bí ẹ bá yọ áàpù, fóònù á gbá yàrá náà mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́tìnnì "Clear data". Ohun tó bá sì ti parẹ́ nínú ikùn fóònù òde òní ti lọ nìyẹn, torí fóònù fúnra rẹ̀ ló ń nu ojú ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun á bá yín gbà á padà, ẹ kọ́kọ́ di owó yín mú.

Ní ti "0 km" yẹn, kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ṣófo. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń kọ ibi tẹ́ ẹ wà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, àfìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ "Stop" ni wọ́n ń ṣírò kìlómítà. Fóònù yín kú kó tó rí ẹni tẹ Stop. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àmì náà wà níbẹ̀ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má tíì kà wọ́n ni.

Báyìí, kẹ́ ẹ tó sùn: ẹ fi fóònù sí flight mode, kí áàpù náà má lọ gbé òfìfo yẹn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé òun ni òtítọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Láti Android 11 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn Android/data mọ́ àwọn áàpù tí a fi ń wo fáìlì lórí fóònù, àmọ́ kọ̀ǹpútà ṣì sábà máa ń rí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fóldà áàpù náà, àti èyí tí orúkọ rẹ̀ yé yín àti èyí tí kò yé yín: .gpx àti .fit (irú fáìlì tí wọ́n fi ń kọ ipasẹ̀ sílẹ̀), .db, .tmp, gbogbo ẹ̀. Ẹ má ṣí ìkankan. Ẹ ṣe ẹ̀dà nìkan, kẹ́ ẹ padà wá.

Àkàndé Leeds · 8:52 alẹ́

Bọ̀dá Wáyà ti mú ti ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìdènà, torí èmi náà ti jẹ irú ìyà yìí lórí Pennine Way, èyí tó gùn tó kìlómítà 431. Ẹ fojú inú wò ó.

Òtútù ló pa fóònù yẹn. Bátìrì lithium ò fẹ́ràn òtútù. Agbára ṣì wà nínú rẹ̀, kò kàn lè tú u jáde kíákíá bí fóònù ṣe ń béèrè rẹ̀ ni, fóònù á bá pa ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kú ní 18%. Tẹ́ ẹ bá mú un wọlé kó gbóná díẹ̀, 18% yẹn lè padà. Nítorí náà, àpò inú ni kẹ́ ẹ fi fóònù sí, níbi tí ooru ara wà, kì í ṣe àpò òkè báàgì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Power bank náà, inú aṣọ. Lálẹ́, èmi ń gbé méjèèjì sùn nínú àpò ìsùn bí ọmọ ọwọ́. Ìyàwó mi ti fẹjọ́ sùn títí, ó ti sú u.

Ìkejì: ẹ fi sí flight mode nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn. Àwọn kan rò pé GPS, ohun tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà, nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì náà wà lókè ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà, àwọn ló ń sọ̀rọ̀, fóònù yín kàn ń gbọ́ ni. Tó bá ti gbọ́ mẹ́rin, ó ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ohun tó ń jẹ bátìrì lórí àbàtà ni wíwá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò sí níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sáà ti gba máàpù sílẹ̀ láti ilé.

Ìkẹta, èyí tó ń bí mi nínú jù: àwọn fóònù kan máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè fi bátìrì pamọ́. Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì bátìrì, ẹ wá áàpù tó ń gba ipasẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún fóònù pé kó má dí i lọ́wọ́. Ìkànnì kan wà, dontkillmyapp.com, ó to ilé iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ibi tí bọ́tìnnì náà wà. Kẹ́ ẹ dán an wò ní àdúgbò kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ rìn yí ọjà ká fún wákàtí méjì pẹ̀lú ojú fóònù ní pípa. Tí ìlà náà bá já ní àárín, ẹ ò tíì ṣe tán.

Ọmọ Ìdànrè · 9:20 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò kì í fi fóònù gba nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ àfọwọ́mú Garmin eTrex ni mò ń lò, bátìrì AA méjì, tó bá tán mo ra òmíràn lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù. Òun la gbé wọ Gashaka-Gumti nígbà tá a lọ gun Chappal Waddi, mítà 2,419, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́rin láìrí ibi tá a ti lè fi iná sí nǹkan.

Fún ẹni tó bá ní irú rẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe ń rìn ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sínú Garmin/GPX/Current/Current.gpx. Ti àtijọ́ á bọ́ sí Archive. Àwọn kan nínú eTrex, àmì 10,000 ni ipasẹ̀ kan lè gbà. Tẹ́ ẹ bá ní kó kọ àmì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò ní tó wákàtí mẹ́ta tó fi kún. Ẹ wọ sẹ́tíńgì, kẹ́ ẹ ní kó máa kó o sí Archive lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun á máa gùn orí àtijọ́.

Ìbànújẹ́ tèmi kò wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Àbúrò mi ló fẹ́ àyè lórí mémórì káàdì láti kó orin sí, ló bá pa gbogbo fóldà GPX rẹ́. Ṣùgbọ́n káàdì yàtọ̀ sí ikùn fóònù. Tí wọ́n bá pa fáìlì rẹ́ lórí káàdì, orúkọ ni wọ́n kàn yọ nínú ìwé orúkọ, ara fáìlì ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan míì á fi jókòó lé e. Mo yọ káàdì kúrò lójú ẹsẹ̀ (kò tíì kó ju orin mẹ́ta lọ), mo fi sí kọ̀ǹpútà, mo sì lo PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má tìtorí orúkọ rẹ̀ rò pé fọ́tò nìkan ló ń wá. Ohun tó bá rí, orí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ní kó kó o sí, kì í ṣe orí káàdì yẹn kan náà. Kò ní dá orúkọ padà fún yín o. Nọ́ńbà jágbajàgba ló ń fún fáìlì, ẹ̀yin lẹ máa jókòó ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì nìkan ni n kò rí mọ́. Orin ti jókòó lé e.

Àbẹ̀kẹ́ Onírìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ṣe ẹ̀dà. Bọ̀dá Wáyà, mo rí fáìlì kan tó ní déètì ọjọ́ yẹn, .gpx ni, 2.7 MB! Ṣùgbọ́n kò ṣí. Ìkànnì tí mo gbé e sí ní "invalid file". Ọ̀rẹ́ mi ní ó ti bàjẹ́.

Wáyà-ò-já (Ìlọrin) · 7:40 àárọ̀

2.7 MB! Àǹtí, ẹ jẹun àárọ̀ yín ní àlàáfíà, nǹkan yín wà níbẹ̀.

GPX kì í ṣe awo. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fojú kà ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn (ẹ̀dà lẹ ó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà), ẹ fi Notepad ṣí i. Ẹ ó rí ìlà tó pọ̀ bí eṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú <trkpt, ó ní lat àti lon (nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà láyé: lat láti àríwá sí gúúsù, lon láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn), lẹ́yìn náà <ele> tó jẹ́ gíga, àti <time>. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé ìlà tó kẹ́yìn já sí méjì, bí ẹni tí wọ́n gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí.

Ẹ pa àmì tó já yẹn rẹ́, kó jẹ́ </trkpt> ló kẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta yìí:

</trkseg>
</trk>
</gpx>

Àwọn ìlẹ̀kùn tí fáìlì ṣí níbẹ̀rẹ̀ tí kò rí àyè tì nìyẹn. Ẹ fi pamọ́, kẹ́ ẹ tún gbé e lọ.

Tí ẹlòmíì bá ń ka èyí, tó sì jẹ́ pé aago ọwọ́ ló lò: .FIT ni tiyín á jẹ́, ìyẹn kò ṣeé fojú kà, ẹ má fi Notepad kàn án. Ẹ gba GPSBabel, ọ̀fẹ́ ni, kó ka èyí tó bá lè kà, kó sì tú u sí GPX. Fáìlì FIT ní àmì àyẹ̀wò kan ní ìparí, tí aago bá kú láìkọ ọ́, àwọn ìkànnì á kọ̀ ọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun inú rẹ̀ pé.

Àbẹ̀kẹ́ Onírìn · 8:16 àárọ̀

Ó ṢÍ O! Ẹ wo ijó níbi tí mo wà!

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ó ní mo rin kìlómítà 12,600 lọ́jọ́ yẹn. Ìlà pupa kan gbéra láti Scotland, ó la Sàhárà kọjá, ó wọ inú òkun nísàlẹ̀ Ghana, ó sì tún padà. Àárò ilé ń sọ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìyẹn.

Àkàndé Leeds · 8:20 àárọ̀

Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ń wò mí 😂

Wáyà-ò-já (Ìlọrin) · 8:33 àárọ̀

Òdo lórí òdo nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ ò rí sátẹ́láìtì, ó kọ lat 0, lon 0 sílẹ̀ dípò kó dákẹ́. Ibi tí òdo méjèèjì ti pàdé láyé yìí, inú òkun Gulf of Guinea ni, kò jìnnà sílé wa. Ẹ wá lat="0 nínú Notepad, ẹ pa àmì yẹn rẹ́ láti <trkpt dé </trkpt>. Kò ní ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.

Kí n sì tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa tún padà wá: ẹ ó rí i pé aago inú fáìlì fi wákàtí kan dín sí tiyín. Ẹ má tún un ṣe. UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni GPX ń kọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Britain sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Máàpù á yí i padà fúnra rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Onírìn · 9:02 àárọ̀

Ó ti dára. Kìlómítà 22 ló wà níbẹ̀, láti Tyndrum títí dé afárá kan tí wọ́n ń pè ní Bà Bridge. (Ẹ wò ó, wọ́n fi àmì sórí rẹ̀ bíi tiwa, bà, bí ẹyẹ ṣe ń bà lórí igi. Gaelic ni.) Láti ibẹ̀ dé Kingshouse ni kò sí, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ. Ṣé ibẹ̀ ti lọ nìyẹn?

Ṣadé Kékeré · 9:10 àárọ̀

Àǹtí, ẹ kàn yà á sórí máàpù. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo ayé ń gbà níbẹ̀, ó wà lórí OpenStreetMap, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló máa mọ̀?

Ọmọ Ìdànrè · 9:25 àárọ̀

Àbúrò, èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Ipasẹ̀ ni ohun tí ẹsẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ tẹ̀. Tí wọ́n bá yà á, kí wọ́n fi sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé yíyà ni. Mo mọ ẹni tó gba fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún nítorí ẹni tó yà á jókòó sílé lọ́jọ́ tó yà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ bá yà kò ní aago nínú, Strava, áàpù tí àwọn èèyàn ń kó ìrìn wọn sí, ò ní gbà á gẹ́gẹ́ bí ìrìn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kẹ́ ẹ tó yà á. Ṣé aago ọwọ́ rẹ̀ ò gba nǹkan kan? Ṣé ó ya fọ́tò?

Àbẹ̀kẹ́ Onírìn · 9:41 àárọ̀

Kò ní aago. Ṣùgbọ́n fọ́tò! Ó ya 23 láàárín ibẹ̀ nìkan. Àgbọ̀nrín ló ń lé kiri nínú òjò. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Àkàndé Leeds · 9:55 àárọ̀

Èyí tó wá lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti yà á nínú rẹ̀ mọ́. Kó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí "Document", tàbí kó fi wáyà gbé e. Tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ní àṣẹ láti mọ ibi tó wà, fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní lat, lon àti aago nínú. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ ExifTool lè ka gbogbo wọn, kó sì fi wọ́n ṣe GPX. Àmì 23 lórí kìlómítà mẹ́jọ, ìlà náà á rí wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín lẹ fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá lo iPhone pẹ̀lú Apple Watch, ẹ lọ sínú áàpù Health, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ ní kó kó gbogbo dátà jáde. Nínú zip tó máa fún yín, fóldà kan wà tó ń jẹ́ workout-routes. GPX ìrìn yín ló kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

Wáyà-ò-já (Ìlọrin) · 10:30 àárọ̀

Kí n fi èyí kún un, lẹ́yìn náà mò ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àká kan ṣoṣo. Ní July 2020, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ìlẹ̀kùn mọ́ Garmin, Garmin Connect, àká ìrìn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn tó mọ̀ pé fáìlì ṣì wà nínú aago kàn fi wáyà fà á jáde láti fóldà Activity ni. Endomondo, áàpù tó ń gba ipasẹ̀, pa ilé dé ní ìparí ọdún 2020 kan náà. Ní March 2025, Timeline (àkọsílẹ̀ ibi tí èèyàn ti lọ) àwọn kan lórí Google Maps parẹ́, Google fúnra wọn jẹ́wọ́. Àwọn tó ti tan ẹ̀dà ìpamọ́ nìkan ló rí tiwọn gbà padà. Lálẹ́, kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ tẹ Stop, ẹ kó GPX ọjọ́ náà jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín àti sí ẹnì kan nílé. Fáìlì kan fún ọjọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ méje sínú fáìlì kan.

Àkàndé Leeds · 10:38 àárọ̀

Ibẹ̀ ni èmi àti yín ò ti ní gbà, mo fẹ́ràn ìlà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n mo máa ń so wọ́n pọ̀ nílé, kì í ṣe lójú ọ̀nà, torí náà bóyá ohun kan náà là ń sọ.

Kẹ́ ẹ sì gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e síta tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé yín lẹ ti tan án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ má gbé e síta nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà rárá.

Àbẹ̀kẹ́ Onírìn · Ọjọ́rú, 9:17 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, mo ti so méjèèjì pọ̀, ti fóònù àti ti fọ́tò, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí Ọmọ Ìdànrè ṣe wí. Mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án.

Bàbá ti pè mí. Wọn ò béèrè àbàtà, wọn ò béèrè òjò. Wọ́n ní ìlà náà dúró sójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn Bridge of Orchy, kí là ń ṣe níbẹ̀? Mo ní ọ̀rẹ́ mi jókòó sábẹ́ igi, ó ní òun ò lọ mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀.

Ẹ ṣeun gidi. Bọ̀dá Wáyà, ẹ fún mi ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín ní ìkọ̀kọ̀, mo ní bisikíìtì Scotland kan tó ń bọ̀ wá sí Ìlọrin.